Ọkọ̀ Ológun ní Láfẹ́ńwá

Ní gbàǹjo Alámàlà ni mo ti rà ọ́,
táyà ti jẹrà, koríko hù lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì.
Ìyàwó mi ní: "Ṣódìpẹ̀, ogun wo lo fẹ́ lọ jà?"
N ò fèsì. Mo gbé jáàkì.

Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n bí mọ́ ọ, mo yọ ọ́ sọ nù:
ó ń mu epo bí ọ̀mùtí,
tó bá dé ìdí òkè Ìtòkò, á máa kérora.
Tòkunbọ̀ onísílíńdà mẹ́fà ló jókòó síbẹ̀ báyìí;
Rábíù wẹ́dà gé ṣáásí, ó tún un jó pọ̀.
Sípíríǹgì ewé méje, mo sọ ọ́ di mọ́kànlá,
nítorí òkúta kúárì kì í ṣe ẹgbẹ́ ṣọ́jà:
ṣọ́jà a máa bẹ́ sílẹ̀ bí ọ̀nà bá le,
òkúta kì í bẹ́.

Lánàá, a yí kọ́kọ́rọ́. O wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì,
o bú ramúramù,
adìẹ Ìyá Mọ́ríyámọ̀ sá wọ gọ́tà.

Mo kùn ọ́ ní búlúù. Mo fi pọ́tì dí gbogbo ojú ìpẹtà.
Ṣùgbọ́n lábẹ́ ìjókòó, ẹnì kan fi ìṣó kọ "Dáúdà",
ó kọ ọjọ́ tí kò parí: kẹrìnlá, oṣù —
Búrọ́ọ̀ṣì mi débẹ̀.
Mo gbé e padà sínú agolo.