Kí O Tó Wọ Omi

Láago márùn-ún ìdájí, Àjàṣẹ́ ṣì ń hanrun,
ọ̀sà ń mí lẹ́yìn ilé bí arúgbó,
èmi Ràímì ti lóṣòó sétí písíìnì.
Mo bu omi sínú ìgò tí kò ju ìka ọmọńdinrín lọ,
mo kán oògùn sí i,
mo gbé e sókè sí iná gílóòbù,
mò ń dúró kó pọ́n.

Bó bá pọ́n bí etí ọmọ tuntun, ó dára.
Bó bá dúró funfun báun, omi ti kú,
ẹ̀rín lásán ló ń rín sí wa.
Nítorí omi a máa purọ́.
Ó lè mọ́ gaara, kí o rí owó wẹ́wẹ́ nísàlẹ̀,
kó sì di ìgbẹ́ gbuuru mú sábẹ́ ahọ́n.

Ìyá mi kò mọ èyí. Etí ọ̀sà ló ti ń wẹ̀ wá,
níbi tí ewúrẹ́ ti ń mumi, tí ọkọ̀ apẹja ti ń gúnlẹ̀.
Ó ní omi tó ń ṣàn kì í gbé ẹ̀gbin pamọ́.
Omi tèmi kì í ṣàn, Ìyá.
Ó jókòó sójú kan bí àlejò tí kò mọ̀nà ilé,
ohun tí wọ́n bá fún un ló ń tọ́jú.

Mo fọwọ́ ara mi kọ pátákó,
Kọ̀sìmù akunlé ló bá mi to lẹ́tà rẹ̀:
WẸ̀ KÍ O TÓ WỌLÉ WÁ WẸ̀.
Wọ́n ń fi í ṣẹ̀fẹ̀.
"Ràímì, ṣé a tún ń fọwọ́ kí a tó fọwọ́ ni?"
Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Òógùn yín, ìpara yín, lọ́fínńdà ọrùn yín,
àwọn ló ń jẹ oògùn omi tán kó tó kan kòkòrò.
Òórùn tó ń ta yín nímú, tẹ́ ẹ ní oògùn pọ̀ jù,
ìtọ̀ yín wà níbẹ̀.
Ẹ̀rín a rọlẹ̀ díẹ̀.

Sátidé tó kọjá, Ìyá Wàídì mú ọmọ ọlọ́dún mẹ́ta wá,
ojú ọmọ jìn, ètè rẹ̀ gbẹ.
"Inú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu láti àná, kò le."
Mo fi ọmọ jókòó sábẹ́ igi máńgòrò,
mo ní ó di ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn tí inú bá dá.
"Ọ̀sẹ̀ méjì! Mo sanwó o!"
Mo yíjú sí ọkùnrin kan tó fi báńdéèjì bo egbò,
kí n tó yíjú padà, póò!
ọmọ ti wà nínú omi.
Ohun tó tẹ̀lé e, n kò ní sọ ọ́ lójú oúnjẹ.

Mo fun fèrè. Ẹni mẹ́tàdínlógójì jáde,
wọ́n tò sórí sìmẹ́ńtì bí lékeléke, omi ń kán.
Dírẹ́tọ̀ sáré dé, táì rẹ̀ wà léjìká:
"Fi àwọ̀n kó o, kí wọ́n padà síbẹ̀. Ta ló rí i?"
Mo ní: èmi.
Ọjọ́ kan gbáko ni mo fi tì í.
Wọ́n gé ẹgbẹ̀rún márùn-ún sẹ́fà nínú owó oṣù mi.
N kò jà. Mo da oògùn, mo ń ka wákàtí.

Mọ́ríátù ìyàwó mi ní mò ń rùn bí ilé ìwòsàn.
Ọmọ wa kò sọ nǹkan kan,
ó rò pé bí bàbá ṣe ń rùn nìyẹn.

Alẹ́ Mọ́ńdé, a ti tilẹ̀kùn.
Èmi nìkan, òṣùpá nínú omi, ọ̀pọ̀lọ́ kan.
Kò sẹ́ni tó ń wò mí.
Mo dúró sábẹ́ ẹ̀rọ ìwẹ̀, mo fi ọṣẹ dúdú
fọ abíyá, fọ àárín ìka ẹsẹ̀, fọ ibi tí n kò ní dárúkọ,
omi tutù, eyín mi ń lu ara wọn,
mo ka pátákó mi látòkè délẹ̀ bí àjèjì.
Kí n tó tẹsẹ̀ bọ̀ ọ́,
ọ̀pọ̀lọ́ náà ni mo kọ́kọ́ mú jáde.
Òun kò wẹ̀.