Ṣájà Dà?

Abẹ́ igi máńgòrò ló wà ní Òkè-Àgbò,
níbi tí Bàbá Odùṣọ̀gà páàkì rẹ̀ sí
lọ́dún tí gẹdú tán nínú igbó.
Táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti di ilẹ̀,
koríko ti gba inú bùútù,
adìyẹ ìyàwó Ṣówẹ̀mímọ́ ń yé sórí síìtì ẹ̀yìn.
Kí ẹ tó rẹ́rìn-ín, ẹ jẹ́ n sọ ohun tí mo mọ̀.

Owó ìrókò ni Bàbá fi rà á.
Ọkọ̀ òkun ló gbé e dé Àpápá;
wọ́n ní lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ wọ Ìjẹ̀bú-Igbó,
àwọn tó ń la gẹdú ní Òjówò ju ayùn sílẹ̀,
wọ́n sáré kó aṣọ wọlé,
wọ́n rò pé òjò ló ń bọ̀.
Písítìn mẹ́jọ nínú àyà kan ṣoṣo!
Ó ń mu epo bí ẹni tó ń gbẹ̀san lára àgbá.
Bàbá fúnra rẹ̀ ló túmọ̀ orúkọ náà fún wa:
"Ẹṣin tí jagunjagun ń gùn wọ ojú ogun,
òun ni wọ́n ń pè ní Ṣájà."
A sì na ìka sókè, bí ẹni pé òun ló bí ẹṣin náà.

Lánàá, Fọlárìn fi àwòrán ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà.
"Àǹtí, ẹ wò ó! Ṣájà ti padà wá."
Mo fẹ̀ ẹ́ títí ó fi kún ojú fóònù.
Ó ń dán. Iwájú rẹ̀ gbòòrò, ó rorò bí ti àtijọ́.
Mo ní, jálá mélòó ló ń mu?
Ó ní kì í mu epo. Iná ni wọ́n ń fi í sí.
Mo ní, ohùn rẹ̀ ńkọ́?
Ó ní wọ́n kan sípíkà mọ́ ọn
tó ń bú ramúramù bí ẹni tó ní ẹ́ńjìnnì.

Ẹ̀rín pa mí, sípánà bọ́ lọ́wọ́ mi.
Ṣájà tó ń wá ṣájà kiri!
Ẹṣin ogun tí wọ́n so okùn mọ́,
tó ń retí kí iná dé.
Bó bá ṣe Òkè-Àgbò níbí ni,
ọjọ́ wo ni yóò dé ojú ogun?

Mo fẹ́ bínú. Mo tilẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀.
Mo ní ẹ̀yin oníṣòwò wọ̀nyí, ẹ ò bi òkú léèrè,
ẹ ò wo ara ọmọ bóyá àmì bàbá ńlá rẹ̀ wà níbẹ̀,
ẹ kàn hú orúkọ jáde, ẹ kùn ún lọ́dà, ẹ gbé e sórí àtẹ.

Ṣùgbọ́n ta ni mí tí mò ń sọ̀rọ̀?
Yéwándé ni wọ́n sọ mí lọ́jọ́ kẹjọ.
Ìyá àgbà tí wọ́n ní mo jẹ́ ga bí ọ̀pẹ,
aláró ni, kò gun kẹ̀kẹ́ rí láyé.
Èmi rèé, mo kúrú, gírísì dé ìgúnpá,
abẹ́ mọ́tò ni mo ti ń jẹun.
Síbẹ̀, títí bàbá mi fi kú, "Ìyá mi" ló ń pè mí,
ojú rẹ̀ a sì rọ̀.
Bóyá kì í ṣe òkú ló ń padà.
Bóyá ẹnu tó kù sẹ́yìn ni ebi orúkọ ń pa.

Àmọ́ bàbá mi ò fi ìyá rẹ̀ pawó.

Mo fi àkísà nu lẹ́tà orúkọ lára mọ́tò.
Méje ni wọ́n, mẹ́fà ló kù.
Fóònù mi bá kú, àwòrán Fọlárìn bá a lọ.
Iná dé lójijì. Ọmọ Ṣówẹ̀mímọ́ figbe ta nínú ilé:
"Àǹtí Yéwándé, ṣájà dà?"
Mo ní, "Òun rèé."
Mo lu bọ́nẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀mejì.
Adìyẹ fò jáde.