Àpótí Yẹ́ńdì

Ní Abà Láṣoyè, lọ́nà Orílé-Ìgbọ́n,
orí àpótí páànù kan ni mo jókòó sí kọ́ bí a ṣe ń bó ẹ̀gúsí.
Ó ti dípẹtà létí; bí a bá ṣí i,
á han gooro bí òròmọdìẹ lẹ́nu àṣá.
Ọ̀dà funfun ni wọ́n fi kọ ọ́ sí ìhà rẹ̀:
B. LATUNJI, YENDI.
Kí n tó mọ A ni mo ti mọ L:
ọkọ́ tó fẹ̀yìn ti ògiri ni mo pè é.

A máa ń jí kí àkùkọ tó rántí iṣẹ́ rẹ̀.
Ìrì á rẹ ẹsẹ̀ wa dé orúnkún.
Mo mọ ebè tí òkété ti gba abẹ́ rẹ̀ wọlé,
mo mọ igi kaṣú tí èso rẹ̀ ń yún ni lẹ́nu,
mo mọ ibi tí pèrègún ti ya oko wa
kúrò lára oko Baba Alágbẹ̀dẹ.
Ẹni tó gbin pèrègún ni n kò mọ̀.

“Ìyá Àgbà, ta ni Latunji?”
“Gbé ẹ̀pà yẹn kúrò nílẹ̀, ewúrẹ́ ń bọ̀.”
“Ìyá Àgbà, níbo ló ń jẹ́ Yendi?”
“Ṣé o ti pọnmi?”
Mo pọnmi. Mo pọnmi fún ọdún mẹ́fà
ní odò tó máa ń gbẹ kí ọyẹ́ tó dé.
Kèrègbè omi kún; ti ìdáhùn kò kún.

Nígbà tí mo wọ ilé-ìwé gíga ní Ògbómọ̀ṣọ́,
mo ra ìwé kékeré kan, ẹlẹ́yìn pupa.
Mo ń fa ìlà: láti orí baba sí ọmọ, láti orí ìyá sí ọmọ.
Ṣóńṣó òkè ni mo gbé Latunji sí.
Mo fi ṣe baba ńlá, mo fún un ní ẹṣin,
mo fún un ní ìyàwó mẹ́ta àti ohùn tó ń mi igi.
Bàbá Jagun ní Ìjẹrù ní aláṣọ òkè ni.
Ìyá Olówèé ní irọ́ ni, obì ló ń tà.
Ẹ̀gbọ́n mi, Dìẹ́kọ́lọlá, fi mí rẹ́rìn-ín:
“Èwo ni tìẹ nínú òkú àná?
Òkú kì í san owó ilé-ìwé.”

Mo padà sí abà lọ́jọ́ tí àkọ́rọ̀ òjò rọ̀.
Ìyá Àgbà ń ṣa òkúta nínú ẹ̀wà.
Ojú rẹ̀ ti di kùrukùru; ìka ló fi ń ríran.
Mo pe orúkọ náà bí mo ti ń pè é láti kékeré.
Ọwọ́ rẹ̀ dúró nínú igbá.
“Látúnjí ni. Má pè é bí ẹni ń pe ajá.
Ọ̀dà ni kò lóhùn, Àyọ̀ká, ìwọ ní.
Kì í ṣe ẹbí wa.”

Kì í ṣe ẹbí wa.

“Ará Ìkòyí ni. Ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kọjú sí tiwa ní Yẹ́ńdì.
Ọdún tí wọ́n ní kí àlejò kó ẹrù rẹ̀,
a jọ wọ ọkọ̀ kan náà, à ń jókòó lórí ara wa.
Bàbá rẹ ṣì ń mu ọmú. Ọmú gbẹ. Kò sómi.
Látúnjí fún un ní tirẹ̀, ó ní òùngbẹ kì í tètè gbẹ òun.
A kò tíì dé ẹnubodè tó fi sùn.
Ọwọ́ àti àwo ni àwọn ọkùnrin fi gbẹ́ ilẹ̀.
N kò mọ orúkọ ibẹ̀. Igi kan wà níbẹ̀, ó ń tanná.
Mo ru àpótí rẹ̀ wálé. Mo wá ìyá rẹ̀ títí ní Ìkòyí.
Mo ní bó pẹ́ bó yá, ẹnìkan á wá bèèrè.”

“Kí ló wà nínú rẹ̀?”
“Kọ́kọ́rọ́ ṣọ́ọ̀bù kan, aṣọ kan.
Aṣọ yẹn ni mo fi pọ̀n ọ́.”

Lálẹ́, mo ṣí ìwé ẹlẹ́yìn pupa.
Mo pa ẹṣin rẹ́, mo pa ìyàwó mẹ́tẹ̀ẹ̀ta rẹ́.
Mo kọ orúkọ náà sí ẹ̀gbẹ́ ìwé,
níbi tí ìlà kankan kò dé,
mo wá fi àmì sí i lọ́kọ̀ọ̀kan:
òkè, òkè, òkè.
B yẹn ńkọ́? Mo gbàgbé láti bèèrè.

Ilẹ̀ mọ́. Ìyá Àgbà ní ṣé mo ti pọnmi.
Mo gbé kèrègbè.