Ẹ́ńjìnnì Lórí Jangirọ́fà

Bàbá mi kò rí ẹ̀rọ agbẹ́ńjìnnì yá ní gbogbo Gyumri.
Ṣéènì ti Manvel ti já.
Owó tí àwọn ará gárééjì bù lé tiwọn tó ra táyà méjì.
Ó dúró lẹ́yìnkùlé, ó wo ẹ̀ka igi, ó mi orí.
Ó wo jangirọ́fà wa,
páìpù irin tó jó pọ̀ fún èmi àti Tigran
lọ́dún tí mo pé mẹ́fà.
Ó ta á nípàá. Kò mì.
"Ọmọ méjì lo ti gbé rí," ó wí. "Wá gbé ẹyọ kan."

Àtùpà ni iṣẹ́ tèmi.
Ẹni tó bá di àtùpà mú ni wọ́n ń bá wí:
"Níbí! Kì í ṣe ibẹ̀! Ṣé imú mi lo fẹ́ kí n tú ni?"
Ìyá mi kó ìgò jáàmù tó ṣófo jáde,
ó kọ ọ́ sára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan:
"ti gíà",
"ti ìsàlẹ̀, lápá ilé Karine",
"èyí tí Hrant fi ń ṣépè".

Bọ́ọ̀tì kan wà lẹ́yìn, níbi tí ọwọ́ kò tó,
tí súpánà ń yọ̀ lórí rẹ̀.
A ta epo sí i, a lọ sùn.
A lù ú, a lọ sùn.
Lọ́jọ́ kẹta bàbá mi fẹ̀yìn lélẹ̀ lábẹ́ Niva,
yìnyín ń yọ́ wọ ọrùn rẹ̀,
ó bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀.
Bàbá mi, tí kò rí ọ̀rọ̀ kan sọ
lọ́jọ́ tí Tigran gbé báàgì lọ sí Rostov,
tó kàn ń ka ẹyọ owó nínú àpò,
òun ló ń bẹ irin:
"Ọ̀rẹ́ mi, dákun. Ó ti tó báyìí. Jẹ́ kó tán."
Bọ́ọ̀tì ké kín-ín, ó tú.
Mo gbé àtùpà kúrò lójú rẹ̀.

Ẹ́ńjìnnì gbéra bí àgbà tí wọ́n jí lójú oorun,
ó fi ẹ̀gbẹ́ kan dìde, epo dúdú ń kán tó-tó-tó,
ó rọ̀ dirodiro
níbi tí mo ti máa ń fẹsẹ̀ gbá ojú ọ̀run.
Karine yọjú lójú fèrèsé pẹ̀lú kọfí rẹ̀.
Manvel, tó ní òun kò ní í wá, ti dé.
Nínú ihò tó ṣẹ́kù: wáyà, rọ́bà,
àti ìtẹ́ eku kan tí wọ́n fi òwú ewéko tẹ́.
Ìyá mi wò ó, ó mọ̀ ọ́n:
fìlà òtútù Tigran tí a wá títí.
Kò jù ú nù. Ó rọra kó o sínú ìgò kan,
kò kọ nǹkan kan sí i lára.

Tigran ló fi ẹ́ńjìnnì tuntun ránṣẹ́.
Tuntun kọ́ o, ó ti sáré dáadáa nídìí ọkọ̀ ẹlòmíì.
Owó oṣù mẹ́jọ ló fi rà á,
ó fi kúbùsù tirẹ̀ wé e, ó kọ ọ́ sórí páálí:
"Ẹ rọra. Ibí ni òkè."

Sísọ̀ ọ́ kalẹ̀ le ju gbígbé lọ.
Ẹ fà á síwájú. Ẹ dá a padà. Gíà kò gbà á.
Ó ku ìbú ìka kan. Ó ku ìbú èékánná,
ìyá mi ti fi orúnkún tì í,
kó! ó wọlé
bí ọmọ onílé tí kì í kan ilẹ̀kùn.
Bọ́ọ̀tì kan ṣẹ́kù nísàlẹ̀ ìgò.
Bàbá mi wo Manvel, ó sọ ọ́ sápò.

Nígbà àkọ́kọ́, ó wúkọ́.
Nígbà kejì, ó dákẹ́, bí ẹni tó ń rò ó.
Nígbà kẹta, gbogbo ajá àdúgbò dìde.
A wọlé, àwa mẹ́ta, a ti ilẹ̀kùn,
a kò lọ síbì kankan.
Ooru ń fẹ́ sí wa lórúnkún.
Bàbá mi tẹ fóònù, kò kí ẹnikẹ́ni,
ó ṣí fèrèsé, ó na apá sí ọ̀nà bọ́nẹ́ẹ̀tì,
ó pẹ́ kó tó fà á padà sétí.
Tigran ní: "Pilọ́ọ̀gì kan ò jó dáadáa."
Bàbá mi ní: "Mo mọ̀."