Ogójì Tó Kù

Ẹgbẹ̀ta ó lé márùn-ún.
Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀rọ ṣe kọ ọ́ síwájú mi, kò sín, kò wúkọ́,
ní yàrá kan lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta awò ojú ní Manchester,
níbi tí wọ́n ti gba aago ọwọ́ mi,
tí wọ́n ní kí n tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ sórí gíláàsì
kí ó lè dá wọn lójú pé èmi ni mo jókòó sórí àga mi.
Ilé ìwé ń fẹ́ ẹgbẹ̀ta ó lé márùndínláàádọ́ta.
Ogójì ló kù.

Mo wọ ọkọ̀ ojú irin padà sí Bolton.
Òjò ń rọ̀ bí ẹni tí kò mọ iṣẹ́ mìíràn í ṣe.
Mo fi ìka kọ ogójì sára fèrèsé, ó ń ṣàn lọ sísàlẹ̀.

Gbádébọ̀ kò sọ pé kí n má ṣe é mọ́.
Ó kàn da tíì sí kọ́ọ̀bù, ó wá ń ka owó:
owó ìdánwò, owó ọkọ̀,
owó alẹ́ méjì tí n kò ní lọ síbi iṣẹ́.
"Bàtà Ìrètíọlá ti ń fún un lẹ́sẹ̀,"
ó sọ ọ́ bí ẹni ń sọ̀rọ̀ ojú ọjọ́.
N kò dá a lóhùn. Mo mọ ẹsẹ̀ ọmọ mi.
Mo mọ̀ pé àtàǹpàkò rẹ̀ ti ń wo ìta.

Ẹ̀gbọ́n mi pè láti Ìkìrun:
"Ẹni tó bá ṣubú, tó bá tún dìde..."
Nẹ́tíwọ́ọ̀kì gé òwe náà sí méjì.
Títí di òní n kò mọ ohun tí ẹni náà ṣe
lẹ́yìn tó dìde.

Òru ni mo máa ń kàwé, níbi iṣẹ́,
nígbà tí àwọn arúgbó bá ti sùn,
tí ẹ̀rọ amúlégbóná bá ń kùn bí ológbò.
Bàbá Halliwell nìkan ni kì í sùn.
Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ló fi fa irin àmì fún reluwé.
Ó ní kí n ka ìbéèrè sókè kí òun náà gbọ́:
ọkọ̀ ojú irin kan kúrò níbí láago mẹ́jọ,
èkejì kúrò lọ́hùn-ún láago mẹ́sàn-án,
níbo ni wọn yóò ti pàdé?
"Wọn kò gbọdọ̀ pàdé," ni bàbá wí.
"Nítorí kí wọ́n má baà pàdé ni wọ́n ṣe ń sanwó fún mi."
Mo rẹ́rìn-ín débi pé aago yàrá kẹfà dún, n kò gbọ́.

Mo ti wá mọ ibi tí àkókò mi ń bá lọ.
Yorùbá ni mo fi ń ṣírò.
Òyìnbó a dé ogójì, a fi márùn-ún lé e, ó parí.
Èmi a kọ́kọ́ lọ dé àádọ́ta,
n óò wá fi ẹsẹ̀ márùn-ún rìn padà.
Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe kọ́ wa nílé:
kọjá ibi tí ò ń lọ, kí o tó padà débẹ̀.
Aago ìdánwò kò mọ̀ pé ọ̀nà mi jìn.
Ọjọ́ orí mi náà, lóṣù tó ń bọ̀: mọ́kàndínlógójì.
Ẹ tẹ́tí sí i dáadáa.
Wọ́n ti kó ogójì fún mi
kí wọ́n tó yọ ẹyọ kan.

Lọ́jọ́ Sátidé, mo ra bàtà ná.
Èyí tó ju ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ díẹ̀ ni mo mú;
ẹsẹ̀ á bá a.
Owó tó kù kò tó owó ìdánwò mọ́,
ṣùgbọ́n àlàfo náà kò fẹ̀,
alẹ́ kan sí i níbi iṣẹ́ á dí i.
Mo ṣí fọ́ọ̀mù náà. Mo kọ orúkọ mi,
mo kọ ọjọ́ ìbí.
Níbi tí wọ́n ti ń béèrè ọjọ́ ìdánwò,
mo fi í sílẹ̀ lófìfo, mo lọ gbé omi fún bàbá.

"Ṣé o ti fa irin náà?" ló bi mí nínú òkùnkùn.
Mo ní, "Ọwọ́ mi wà lára rẹ̀."