Jíípù Tí Yóò Bá Mi Wọ Ìmẹ̀kọ

Sátidé tó kọjá, èmi àti Sùbérù mẹkáníìkì
lọ sí yáàdì àwọn tó ń ta tòkunbọ̀ ní Bẹ́jà.
Òjò òru ti sọ ilẹ̀ ibẹ̀ di ẹ̀kọ.
Mo ní, "Ó dára. Ẹrẹ̀ ni mo tìtorí rẹ̀ wá."

Ọdún mẹ́tàdínlógún ni mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú,
ìwé ìpè ìgbéyàwó, ìwé ìsìnkú, kàlẹ́ńdà ìjọ.
Tó bá di alẹ́ Jímọ̀, màá fọ yíǹkì lọ́wọ́,
màá gbé ìbọn bàbá mi, màá forí lé Ìmẹ̀kọ.
Lọ́dún tó kọjá mo pa túùkú kan,
kò sí ọlọ́kadà tó gbà láti gbé e.
Ilẹ̀ mọ́ bá èmi àti òkú ẹran létí títì,
eṣinṣin ló kọ́kọ́ kí mi kú ọdẹ.

Òkèzíè tó ni yáàdì mú wa lọ síbi èyí tó ń dán,
dúdú, ó ń tàn bí ojú ìyàwó ọ̀ṣìngín.
"Ìyá arúgbó kan ló ń gbé e lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì lókè òkun,
kò kúrò lórí ọ̀dà rí."
Sùbérù ní, "Gbogbo ìyá arúgbó òkè òkun
ló ti kó mọ́tò wọn wá sí Bẹ́jà tán."
Ó ká kápẹ́ẹ̀tì sókè, ó ní kí n gbóòórùn.
Mo gbóòórùn: ilé tí àgbàrá ti sùn mọ́jú.
Iyanrìn wà lábẹ́ àga.
"Èyí ti mu omi yó. Wáyà rẹ̀ ti ń jẹrà.
Àárín igbó ni yóò kú sí, kò sì ní dágbére."

Òmíràn, pupa, ẹsẹ̀ mẹ́rin ló ní,
méjì ló ń rìn.

Ẹ̀yìn ilé ìtọ̀ ni mo ti rí ẹ̀kẹta,
àwọ̀ eruku, féńdà kan kò bá ìyókù tan.
"Ìyẹn? Ẹ má wò ó," ni Òkèzíè wí,
"onírin àlòkù ń bọ̀ wá gbé e lọ́jọ́ Ajé."
Sùbérù fi ìka rún ọ́ìlì rẹ̀: kò lómi nínú.
Ó ṣáná sí i, èéfín aró díẹ̀ rú.
"Ó ń mu ọ́ìlì díẹ̀. Ta ni kì í mu díẹ̀?"
Ó wọ abẹ́ rẹ̀ tòun ti tọ́ọ̀ṣì,
sálúbàtà rẹ̀ nìkan ló kù níta tó ń bá mi sọ̀rọ̀:
"Ó dógùn-ún lára, kò tíì dé egungun."

A fi sí jíà kékeré,
ó gun òkìtì pàǹtí bí ewúrẹ́ tó rí èèpo iṣu.

Mo na ọwọ́ sábẹ́ àga.
Èèpo ọta ìbọn kan bọ́ sí mi lọ́wọ́, pupa, òfìfo,
pẹ̀lú irun ẹran kan tó le gan-an,
n kò mọ ẹran náà.
"Ọdẹ ló ni ín!"
Sùbérù ní, "Ìdí tí kò fi yẹ ká rà á nìyẹn.
Ọdẹ kì í ṣàánú ohun tó ń gùn. Wo bàtà rẹ."
Mo wo bàtà mi. Òótọ́ ni.

Ṣùgbọ́n bàbá mi, tó bá fẹ́ ra ajá,
kì í wo ìrù, kì í béèrè ìran rẹ̀.
Yóò kúnlẹ̀, yóò máa wá àpá.
Ajá tí kò lápá, ó ní, kò tíì rí ẹran rí,
tàbí ó rí i, ó sá.

Òkèzíè ti rí ojú mi.
Onírin àlòkù kò bọ̀ mọ́,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà igba náírà sì gorí owó ọkọ̀.
Sùbérù tẹ̀ mí lẹ́sẹ̀. Ó ti pẹ́ jù.

Èèpo ọta náà wà lórí ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mi báyìí.
Ìwọ ọdẹ tí n kò mọ̀,
ṣé ọwọ́ rẹ ló ń gbọ̀n tí o fi tà á,
àbí àwọn ọmọ rẹ ló tà á,
tí wọn kò tilẹ̀ wo abẹ́ àga?
Èmi náà bí mẹ́ta.
Kò sí èyí tó fẹ́ràn igbó.