Ẹsẹ̀ Bàtà Kan, Íǹṣì Kan

Ọdún méjìlélọ́gbọ̀n ni mo fi rán ojú ọgbẹ́
ní ilé ìwòsàn Ẹ̀gbẹ̀.
Nígbà tí wọ́n fún mi ní aago ògiri,
tí wọ́n ní, "Màmá, ẹ lọ sinmi,"
ọwọ́ mi kò gbọ́ èdè yẹn.
Ó ń wá ohun kékeré tí yóò dì mú.

Mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé
lórí tábìlì ìjẹun.

Ilé bàbá mi ní Ìsánlú ni,
èyí tí òjò wó lọ́dún tí Ẹ́síta kó lọ sí Kàdúná.
Kò sí àwòrán rẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.
Orúnkún mi ló rántí àtẹ̀gùn mẹ́ta,
èjìká mi ló rántí ilẹ̀kùn tó máa ń há.
Ẹsẹ̀ bàtà kan di íǹṣì kan:
òfin tí mo fi lélẹ̀ nìyẹn, mo sì ń rú u
níbi tí ìrántí bá ti ga ju rúlà lọ.

Pòpórò ọkà bàbà ni òpó,
irú èyí tí a fi ń ṣe awò ojú nígbà èwe.
Páálí bàtà ni ògiri. Mo fi ìka kan rẹ́ amọ̀ sí i
bí ìyá mi ṣe ń fi àtẹ́lẹwọ́ rẹ́ tirẹ̀.
Mo gé agolo mílíìkì, mo fi ìyarun fa ìlà sí i lára,
mo dà á sínú omi iyọ̀ títí ó fi dípẹtà,
torí páànù bàbá mi kò fìgbà kan tuntun lójú mi.
Kóró kọfí mẹ́sàn-án ni mo sá síwájú ilé.
Wọ́n tóbi jù: ọ̀kọ̀ọ̀kan tó orí ọmọ ìkókó.
Mo fi wọ́n sílẹ̀.
Òórùn wọn kò tóbi jù.

Àjákù òfì Bùnú ni aṣọ fèrèsé.
Ó kọ̀, kò wálẹ̀, ó dúró gbọnrangandan bí ọlọ́pàá.
Mo fi fọ́séèpù mú un, mo ta kókó dókítà sí i létí.
Diakonéẹ̀sì yọjú láti ojú ọ̀nà: "Ọ̀kun o, Màmá.
Ṣé kì í ṣe ilé àwọn ẹ̀mí kan lẹ ń kọ́?"
Mo ní ilé bàbá mi ni.
Ó ní áà, ìyẹn náà ni òun ń bi mí.

Bámitálẹ̀ tó ń tún fóònù ṣe ní ìkóríta
tú iná Kérésìmesì tó ti kú,
ó rí méje tó ṣì mí nínú rẹ̀.
Bátìrì tọ́ọ̀ṣì méjì, wáyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun.
Iná náà funfun jù, bíi ti yàrá iṣẹ́ abẹ.
Mo fi áyódìnì kùn ún lẹ́ẹ̀mejì:
ó pọ́n, ó rọ̀,
ó di fìtílà ìyá mi.

Lálẹ́ ọjọ́ náà wọ́n mú iná ọba lọ.
Gbogbo àdúgbò ṣókùnkùn; tábìlì mi nìkan ló ní ìlú.
Ẹ́síta wà lórí fóònù:
"Kí lèèyàn ń fi ilé tí kò ṣeé gbé ṣe?"
N kò lésì. Mo gbé fóònù sí ẹnu ọ̀nà kékeré.
Ó dákẹ́ pẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti lọ.
Lẹ́yìn náà ló ní:
"Ìkòkò omi, ọwọ́ ọ̀tún ni. Ọ̀tún, mo ní.
Àga bàbá dà?"
A jà di aago mọ́kànlá.

N kò fi ènìyàn síbẹ̀.
Mo gbẹ́ ẹnìkan láti ara àbẹ́là; kò jọ ẹnikẹ́ni.
Bàtà rọ́bà méjì ni mo kó sẹ́nu ọ̀nà,
ọ̀kan dojú délẹ̀, bó ṣe máa ń rí.

Òrùlé nìkan ni n kò tíì lẹ̀.
Bí mo bá lẹ̀ ẹ́, ibo ni ọwọ́ yóò gbà wọlé?

Ẹ́síta ní òun ń bọ̀ lóṣù Kejìlá.
Òun ní òun á mú àga náà dání,
kí n má fọwọ́ kan ibẹ̀.